Ta ni tíṣà ń bá sọ̀rọ̀? Bí a ṣe ń ṣàkíyèsí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin nínú kíláàsì

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bẹ ẹlẹgbẹ́ mi kan pé kó wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi. Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ JSS 2 ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè Ìjùmú, ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Ká ní ẹnìkan bi mí léèrè lọ́jọ́ náà, mo lè búra pé àwọn ọmọbìnrin ni mo ń gbè lẹ́yìn jù. Obìnrin lèmi náà, mo sì mọ ohun tójú mi rí kí n tó ka ìṣirò dé ibi tí mo kà á dé. Nígbà tí aago lù, ẹlẹgbẹ́ mi náà na ìwé tó kọ ohun tó rí sí sí mi. Mo yin ọmọbìnrin lẹ́ẹ̀mẹfà. Márùn-ún nínú ẹ̀, ìwé tó mọ́ tónítóní tàbí ọwọ́ ìkọ̀wé tó gún régé ni mo torí ẹ̀ yìn wọ́n. Mo yin ọmọkùnrin lẹ́ẹ̀meje, ọgbọ́n tí wọ́n fi yanjú ìṣirò ni mo sì yìn lẹ́ẹ̀mẹfà nínú méje. Mi ò mọ̀ rárá pé bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn. Carol Dweck àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ti kọ̀wé nípa irú ìyàtọ̀ yìí láti ọdún 1978, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí lára títí mo fi rí i nínú kíláàsì tèmi.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń bá àwọn tíṣà jókòó lẹ́yìn kíláàsì wọn, àti àwọn ọmọ NCE, ìyẹn àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, tó wá ṣe TP (ìdánrawò ìkọ́ni), láti Kàbbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ kọ síbí. Kò gba owó. Ìwé, bírò, aago ọwọ́ tó ní ọ̀pá tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá, àti sùúrù ni.

Ẹ mú ìbéèrè kan

Ẹni tó ní gbogbo nǹkan lòun fẹ́ wò kò ní rí nǹkan kan. Ètò ńlá wà nílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ned Flanders ṣe ọ̀kan ní Amẹ́ríkà tí ìsọ̀rí rẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá: méje fún ọ̀rọ̀ tíṣà, méjì fún ti akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tàbí ariwo. Ẹni tó ń wò á máa kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta-mẹ́ta. Ètò tó dára ni, àmọ́ kò sọ èwo lọmọkùnrin èwo lọmọbìnrin nínú àwọn tó dáhùn. Iṣẹ́ tiwa kéré jùyẹn. Ẹ mú ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí: ta ni tíṣà ń pè? Ta ló ń bi ní ìbéèrè tó gba ìrònú? Kí ló ń sọ lẹ́yìn tí ọmọ bá dáhùn? Ọwọ́ tó bá ti mọ́ ọ lè kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kó mú ọ̀kan.

Ẹ má gba ẹ̀yìnkùlé wọlé

Lọ́dọ̀ wa níbí, ìkíni ló ṣíwájú. Orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo wa, Okun, ìkíni náà ni. Ẹ lọ kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá tíṣà fúnra rẹ̀ ní ọ́fíìsì, kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹnu ọ̀nà kíláàsì ni yóò ti kọ́kọ́ rí yín.

Òótọ́ ni kí ẹ sọ fún un, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá ní, "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ọmọkùnrin lẹ ń ṣojúsàájú fún," gbogbo ọmọbìnrin kíláàsì ni yóò pè lọ́jọ́ náà, títí kan ẹni tí kò nawọ́. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé: "Mo fẹ́ wo bí ìbéèrè àti ìdáhùn ṣe ń lọ láàárín ẹ̀yin àti àwọn ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ rí ìwé mi, ọ̀gá ò ní rí i láìjẹ́ pé ẹ gbà." Ẹ sì dúró lórí ọ̀rọ̀ yìí. Tíṣà tó bá gbọ́ pé ìwé yẹn ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbéni ga tàbí tó ń gbéni kúrò nípò kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ kíláàsì rẹ̀ mọ́, mi ò sì ní dá a lẹ́bi.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ìwádìí tí ẹ fẹ́ fi gba oyè ni, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ ti wá, kí ẹ sì gba àṣẹ lọ́dọ̀ òbí. Ẹ má kọ orúkọ ọmọ kankan sílẹ̀.

Ó yẹ kí n fi kún un pé ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ti jọ ń kàwé ni mò ń bá wí. Ní ibi bíi Federal Government Girls' College ní Kàbbà, tó jẹ́ ti ọmọbìnrin nìkan, ìbéèrè míì ni ẹ máa gbé lọ.

Ẹ ya àwòrán ìjókòó

Kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ya kíláàsì sínú ìwé: bọ́ọ̀dù lókè, ilẹ̀kùn àti fèrèsé ní ẹ̀gbẹ́, bẹ́ǹṣì ní ìlà-ìlà. Ẹ fi òbìrìkìtì ṣe àmì ọmọbìnrin, ẹ fi àpótí kékeré ṣe ti ọmọkùnrin. Ẹ fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà: B1, B2, B3 fún obìnrin, K1, K2, K3 fún ọkùnrin. Nọ́ńbà yìí ni orúkọ ọmọ lọ́dọ̀ yín láti ọjọ́ náà lọ.

Àwòrán yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Ní 1970, Raymond Adams àti Bruce Biddle fi hàn pé àwọn tó jókòó níwájú àti ní àárín gbùngbùn ni tíṣà sábà máa ń bá sọ̀rọ̀. Ní ọ̀pọ̀ kíláàsì tí mo ti wọ̀, àwọn ọmọbìnrin máa ń kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, lápá fèrèsé tàbí lápá ògiri. Bí ẹ kò bá ní àwòrán, ẹ lè sọ pé nítorí pé obìnrin ni wọ́n ni tíṣà kò ṣe pè wọ́n, nígbà tó jẹ́ pé ibi tí wọ́n jókòó sí ni ojú rẹ̀ kì í dé.

Ẹ pèsè àmì tí ọwọ́ lè tètè kọ

Ọ̀rọ̀ kì í dúró de ẹni tó ń kọ̀wé. Àmì tèmi rèé, ẹ lè yí i padà bó bá ṣe wù yín.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀: N, ọmọ nawọ́, tíṣà sì pè é. P, tíṣà pè é láìjẹ́ pé ó nawọ́. J, ó já lu ọ̀rọ̀, ó dáhùn láìjẹ́ pé wọ́n pè é.

Irú ìbéèrè: R, ìrántí lásán ("Kí ni olú ìlú Kogí?"). L, làákàyè ("Kí ló fà á?", "Báwo lo ṣe mọ̀?").

Ìdúró: iye ìṣẹ́jú àáyá tí tíṣà fi sílẹ̀ kó tó gbé ìbéèrè lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì tàbí kó dáhùn ẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ohun tó tẹ̀lé e: Y, ó yìn ín. G, ó gbà á lẹ́nu rẹ̀ láìsọ nǹkan gidi ("Ehn, jókòó"). T, ó tì í síwájú, ó bi í sí i, ó ràn án lọ́wọ́ kó sọ ọ́ délé. F, ó fò ó lọ bá ẹlòmíì. W, ó bá a wí.

Bó bá jẹ́ Y, ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípa ohun tí wọ́n yìn: ọgbọ́n, ìmọ́tótó, ìwà. Ẹ̀gbẹ́ yìí ló mú mi.

Ẹ kọ ọ̀nà kan sílẹ̀ fún èdè pẹ̀lú. Ní ìhà tiwa, tíṣà lè máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni, kó dédé bọ́ sí èdè ilé wa, Owé tàbí Ìyàgbà, nígbà tó bá fẹ́ ṣàlàyé dáadáa, tàbí nígbà tó bá fẹ́ fi ọmọ ṣẹ̀sín. Ta ló ń fi èdè ilé ṣàlàyé fún, ta ló sì ń fi èdè ilé bú? Mi ò tíì rí ìwé tó ní àyè fún èyí, mo sì rò pé ó yẹ kó ní i.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má ka nǹkan kan

Ẹ jókòó sí igun ẹ̀yìn, ní ẹ̀gbẹ́, níbi tí ẹ ti lè rí ojú àwọn ọmọ díẹ̀. Ẹ má jókòó sí àárín, ẹ má jókòó síwájú. Ọjọ́ àkọ́kọ́, gbogbo ọrùn ló máa yí sẹ́yìn, tíṣà náà á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà níwájú ìgbìmọ̀. Ẹ jẹ́ kó kọjá. Ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, wọn á ti gbàgbé yín. Bí ọmọ kan bá rẹ́rìn-ín sí yín, ẹ rẹ́rìn-ín padà, kí ẹ sì gbójú sínú ìwé yín.

Bí ó ṣe máa ń rí nìyí

Ẹ̀kọ́ Basic Science ni, JSS 2, ní ilé ẹ̀kọ́ kan nílẹ̀ Ìyàgbà. Tíṣà náà, ọkùnrin tó mọṣẹ́, béèrè ohun tó ń mú omi inú àmù tutù nígbà tí ti inú ike ń gbóná. Ìbéèrè tó dára. B6, tó jókòó lápá ògiri, nawọ́. Ó pè é.

"Àmù máa ń làágùn, sà."

"Ehn. Jókòó. Ta ló tún mọ̀ ọ́n?"

K3 já lu ọ̀rọ̀: "Omi máa ń jáde lára ẹ̀, sà!"

Tíṣà rìn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. "Omi ń jáde lára ẹ̀. Ó dáa. Níbo ni omi tó jáde yẹn ń lọ?" Ó dúró. Mo wo aago mi: ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. K3 wo òkè àjà, ó ní, "Afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ." "Bó bá ń gbé e lọ, kí ló ń gbà lọ́wọ́ àmù?" Ó tún dúró. "Ooru, sà." "Ọpọlọ rèé o! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un."

Nínú ìwé mi: B6 N L 1 G. Lẹ́yìn náà, K3 J L 5 T, K3 T, K3 Y ọgbọ́n.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì sọ. "Àmù ń làágùn" àti "omi ń jáde lára ẹ̀" kò yàtọ̀ síra. Ọmọbìnrin yẹn gan-an ló kọ́kọ́ fi ilẹ̀kùn hàn wọ́n. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn tó kàn ń ka iye ìgbà tí wọ́n pe olúkúlùkù, ọ̀kan ni yóò kà fún un, yóò sì kọjá. Ohun tí ọmọbìnrin náà pàdánù ni ìbéèrè kejì, àti ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún náà. Ó nawọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìdajì ẹ̀kọ́ náà, wọn kò rí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ tábìlì, kò sì gbé wọn jáde mọ́ títí aago fi lù.

Mary Budd Rowe ṣiṣẹ́ lórí ìdúró yìí ní àwọn ọdún 1970. Ó rí i pé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1 péré ni àwọn tíṣà ń dúró lẹ́yìn ìbéèrè. Nígbà tí wọ́n bá dúró tó 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdáhùn máa ń gùn sí i, àwọn ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ sì máa ń sọ̀rọ̀. Ní ti jíjá lu ọ̀rọ̀, Myra Sadker àti David Sadker kọ ọ́ pé nínú àwọn kíláàsì tí wọ́n wò ní Amẹ́ríkà, ìlọ́po mẹ́jọ ni ọmọkùnrin fi ń já lu ọ̀rọ̀ ju ọmọbìnrin lọ, tíṣà á sì gbọ́ wọn. Bí ọmọbìnrin bá ṣe é, wọ́n á sọ fún un pé kó nawọ́. Mo fi lẹ́tà J sínú àmì mi nítorí èyí. Níbi tí ọmọbìnrin bá ti ní J, ẹ wò ó bóyá W ló tẹ̀lé e.

Ọjọ́ wo, ìgbà mélòó

Ẹ̀kọ́ kan kò tó ṣèdájọ́. Ẹ wo ó kéré tán márùn-ún, ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú 40 kọ̀ọ̀kan, láti ọ̀wọ́ ẹ̀kọ́ méjì ó kéré tán, kí díẹ̀ jẹ́ ti òwúrọ̀, kí díẹ̀ jẹ́ ti ọ̀sán. Ẹ yẹra fún ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ẹ yẹra fún ọjọ́ ọjà, ẹ sì ṣọ́ra nígbà kajú, láti nǹkan bí oṣù Kejì lọ, nítorí àwọn ọmọ kan á ti wà lóko tí wọ́n ń ṣa kajú. Ẹ ka àwọn tó wá ní ojoojúmọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ kọ ọ́ sókè ìwé. Ẹ ó nílò rẹ̀.

Ojú méjì sàn ju ọ̀kan lọ. Bí ẹ bá rí ẹlẹgbẹ́ kan, ẹ jọ wo ẹ̀kọ́ kan náà, kí olúkúlùkù kọ tirẹ̀ láìwo ti ẹnìkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìwé méjèèjì wéra. Bí ó bá jẹ́ 50 ìṣẹ̀lẹ̀ ni ẹ kọ, tí ẹ sì fohùn ṣọ̀kan lórí 43, ẹ pín 43 sí 50, ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀: 86. Bí kò bá tó 80, ẹ jókòó, ẹ tún àmì yín túmọ̀, kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ibi tí ìjà máa ń wà jù ni láàárín G àti Y.

Ìṣirò rẹ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, ẹ jẹ́ kí n rọra ṣe é.

Ká sọ pé ọmọ 40 ló wà ní kíláàsì: ọkùnrin 24, obìnrin 16. Nínú ẹ̀kọ́ márùn-ún, ẹ ka ìgbà 150 tí tíṣà bá ọmọ kan sọ̀rọ̀: 96 fún ọkùnrin, 54 fún obìnrin. Ẹni tó bá kánjú á pariwo pé ti ọkùnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà ló pọ̀ jù ní kíláàsì. Ẹ pín in: 96 sí ọ̀nà 24 jẹ́ 4 fún ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan. 54 sí ọ̀nà 16 jẹ́ 3.4 fún ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ wà, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí ojú kọ́kọ́ rí.

Ẹ wá yọ ìbéèrè làákàyè sọ́tọ̀. Ká ní 50 ni gbogbo rẹ̀: 38 lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin, 12 sọ́dọ̀ obìnrin. Ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan ní 1.6, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan ní 0.75. Èyí ju ìlọ́po méjì lọ. Inú irú ìbéèrè ni ìyàtọ̀ ńlá fara pa mọ́ sí.

Ó ku ìgbésẹ̀ kan tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fò. Ẹ wo nọ́ńbà àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sí kíláàsì tí kò ní ọmọ méjì mẹ́ta tó ń gba gbogbo ọ̀rọ̀. Ká ní ọmọkùnrin 3 ló kó 40 nínú 96 yẹn, tí ọmọbìnrin 2 sì kó 12 nínú 54. Ọmọ kan nínú mẹ́jọ ni wọ́n jẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì (3 nínú 24, 2 nínú 16), nítorí náà a kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ bí a bá yọ wọ́n. Ó ku 56 fún ọmọkùnrin 21, ìyẹn 2.7. Ó ku 42 fún ọmọbìnrin 14, ìyẹn 3. Ẹ rí i? Ọmọkùnrin mẹ́ta ló ń gba ìpè. Àwọn ọmọkùnrin 21 yòókù kò rí tó ti àwọn obìnrin, kò sì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wọn.

Ẹ ṣe bákan náà fún ìbéèrè làákàyè. Bí àwọn 3 bá kó 11 nínú 38, ó ku 27 fún 21, tó jẹ́ 1.3. Bí àwọn ọmọbìnrin 2 bá kó 2 nínú 12, ó ku 10 fún 14, tó jẹ́ 0.7. Èyí kò parẹ́. Èyí ni ẹ lè gbé lọ bá tíṣà pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀.

Ẹ ṣírò W pẹ̀lú. Lọ́pọ̀ ìgbà tí mo ti ṣe é, ọmọkùnrin ló máa ń ní in jù, tíṣà á sì ka ìyẹn mọ́ pé òun ń fún wọn ní àkíyèsí. Ọmọ tí wọ́n pè lẹ́ẹ̀mẹwàá tí mẹ́sàn-án jẹ́ "ìwọ yìí, dákẹ́" kò jẹ èrè kankan níbẹ̀. Ẹ má da W pọ̀ mọ́ ìpè gidi.

Bí ẹ ó ṣe bá tíṣà sọ ọ́

Ẹ má sọ ọ́ níwájú ẹlòmíì. Ẹ má fi ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ́ àwòrán ìjókòó sílẹ̀, kí ẹ sì bi í pé: "Sà, kí lẹ rí níbí?" tàbí "Àǹtí, kí lẹ rí?" Ẹ jẹ́ kó wò ó pẹ́. Ẹni tó fúnra rẹ̀ rí i kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Nígbà tí mo fi ìlà B6 àti K3 han tíṣà tó béèrè nípa àmù yẹn, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ṣé òun náà ló kọ́kọ́ sọ ọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ nǹkan míì fún ìgbà díẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ariwo K3 ló gba etí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ẹ jọ wá ohun kan tó fẹ́ yí padà. Ohun kan péré. Àwọn tí mo ti rí tó ṣiṣẹ́: kó kọ nọ́ńbà gbogbo ọmọ sórí páálí kéékèèké, kó kó o sínú agolo mílíìkì, kó máa yọ ọ̀kan jáde fún ìbéèrè làákàyè. Kó ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ọkàn rẹ̀ kó tó gba ìdáhùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kó pààrọ̀ ìjókòó ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹgbẹ́, kó má jẹ́ pé ọmọbìnrin ló ń kọ̀wé tí ọmọkùnrin sì ń di irinṣẹ́ mú ní gbogbo ìgbà. Bó bá jẹ́ ti ìyìn, kó máa sọ ohun tí ọmọ náà ṣe: "O rí i pé omi ń jáde lára àmù, ìyẹn ló ṣí gbogbo rẹ̀."

Ẹ padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú ìwé kan náà, àmì kan náà, ìjókòó igun kan náà. Bí ẹ bá yí àmì padà, ẹ kò ní lè fi ti ìsinsìnyí wé ti tẹ́lẹ̀.

Èmi náà padà lọ sí kíláàsì náà. Orí ìpẹtà irin ni wọ́n wà. Tíṣà béèrè ìdí tí ọkọ́ tí wọ́n fi epo pa lára kì í fi í tètè dípẹtà. K3 ti fẹ́ sọ̀rọ̀, tíṣà gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè pé kó dúró. Ọwọ́ rẹ̀ kejì wà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì rí i bó ṣe ń fi ìka kà á: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ọwọ́ kan gòkè lápá ògiri. "Epo kì í jẹ́ kí omi kàn án, sà." Ó yí sí i. "Omi nìkan ni?" Kíláàsì dákẹ́. "Àti afẹ́fẹ́," ni ọmọ náà wí.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀: B6 N L 4 T.